Ta Ló Ń Sanwó Oore Tá À Ń Ṣe?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde iléèwé girama wa sọ nìyí, àwọn tí ò lè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti yọ díẹ̀ lára àwàdà kúrò, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o.)

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ̀yin bọ̀dá àti sístà mi, ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ń tẹ fóònù, mo kí gbogbo yín o. Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọrẹ àánú ká tó dá owó fún iléèwé, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi pè mí, ìjà ti fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, àwọn kan ní gèètì la máa kọ́, ká kọ orúkọ sẹ́ẹ̀tì wa sára ẹ̀ gàdàgbà, àwọn kan ní ilé ìgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ló yẹ ká tún ṣe. Màá sọ ibi tí mo wà kí n tó jókòó, ẹ fara balẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú kó ṣe é níkọ̀kọ̀. Àwọn onígbàgbọ́ á tọ́ka sí Mátíù orí kẹfà, pé kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Àwọn mùsùlùmí náà ní hádíìsì tó jọ ọ́ gan-an, nípa àwọn méje tí Ọlọ́run máa fi sábẹ́ ìbòòji ẹ̀ lọ́jọ́ tí ò ní sí ìbòòji mìíràn, ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó ṣe sàráà tó fi pamọ́ débi pé ọwọ́ òsì ẹ̀ ò mọ ohun tí tọ̀tún fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá ìyẹn jiyàn. Àmọ́ ẹ lọ ka Súratul Bákárà ẹsẹ 271, ẹ máa rí i pé ibẹ̀ ò bú ẹni tó ṣe é ní gbangba, ó ní tẹ́ ẹ bá ṣe é lójú ayé ó dáa, tẹ́ ẹ bá fi pamọ́ tẹ́ ẹ gbé e fún aláìní ìyẹn ló dáa jù fún yín. Dáa àti dáa jù. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé ibi tí kámẹ́rà bá ti wà kò sí àánú níbẹ̀, ó ti sọ ju ìwé lọ.

Ẹ jẹ́ n fún yín ní àpẹẹrẹ. Obìnrin kan wà ní Hattiesburg ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, Oseola McCarty lorúkọ ẹ̀, èèyàn dúdú bíi tiwa, alágbàfọ̀ ni. Kíláàsì kẹfà ló kàwé mọ torí mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan ń ṣàìsàn ó sì ní láti tọ́jú ẹ̀, látìgbà náà aṣọ aláṣọ ló ń fọ̀ tó ń lọ̀, ó ń fi owó pamọ́ sí báńkì díẹ̀díẹ̀, títí ó fi lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Lọ́dún 1995 ló bá ní kí wọ́n kó $150,000 lára owó náà fún University of Southern Mississippi, kí wọ́n fi ran àwọn ọmọ tí ò lówó lọ́wọ́ láti kàwé. Gbogbo ayé gbọ́, ìwé ìròyìn gbé e, Ààrẹ Clinton fún un ní mẹ́dà. Tó bá jẹ́ ariwo ló ń ba oore jẹ́, a jẹ́ pé ti màmá yìí ti bàjẹ́ nìyẹn, mi ò sì rò pé ẹnì kankan wà níbí tó máa lanu sọ bẹ́ẹ̀.

Kí wá ló ń ba oore jẹ́?

Àwọn tó ń gba owó-orí nílùú òyìnbó ti ro ọ̀rọ̀ yìí jù wá lọ, kì í ṣe pé wọ́n mọ Ọlọ́run jù wá o, owó ni wọn ò fẹ́ kó sọnù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tẹ́ ẹ ń wò wá lórí Zoom, ẹ mọ Gift Aid, tó o bá ń san owó-orí tó o sì fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ aláàánú tó tó gba Gift Aid ní £100, ìjọba á fi £25 kún un fún wọn. Ṣùgbọ́n òfin yẹn ní ìbéèrè nínú: kí ni wọ́n fún ìwọ padà? Tí ohun tó o gbà padà nítorí £100 yẹn bá ti ju £25 lọ, wọn ò ní í kà á mọ́ Gift Aid. Ti Amẹ́ríkà tún ṣe tààrà ju ìyẹn lọ. Tó o bá ra tíkẹ́ẹ̀tì àsè ìkówójọ ní $100, tí oúnjẹ tó o jẹ níbẹ̀ tó $40, $60 péré lo lè kọ sílẹ̀ pé o fi ta ọrẹ. Wọ́n ti yọ ìrẹsì àti adìyẹ ẹ kúrò.

Mo fẹ́ràn ìṣirò yẹn, àmọ́ kò tíì tó. Kò sẹ́ni tó fúnni tí nǹkan kan ò padà sọ́dọ̀ ẹ̀, ó kéré tán wọ́n á ṣàdúrà fún ẹ, oorun á dùn lójú ẹ, orúkọ ẹ á dáa ládùúgbò, ká sòótọ́ ta ni ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé ta ló sanwó ohun tó padà wá yẹn? £25 yẹn, ìjọba ló san án. Mẹ́dà tí wọ́n fún màmá McCarty, ọmọ tó fi owó ẹ̀ kàwé ò pàdánù kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ibi tí oore ti ń di òwò ni ibi tó ti jẹ́ pé ẹni tá a fún gan-an ló ń sanwó ohun tó ń padà bọ̀ wá bá wa, tó ń fi ojú ẹ̀ san án, tàbí ìbò ẹ̀, tàbí ẹnu ẹ̀ tí ò lè là mọ́ níwájú wa láé.

Ẹ wo àwọn fídíò tó kún orí Facebook àti TikTok báyìí. Ìyá àgbà jókòó ti ọjà ẹ̀ létí títì, ẹ̀pà sísè ni àbí ata, ọ̀dọ́mọkùnrin kan á yọ sí i pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti ń ká fídíò kó tó kí màmá rárá. Màmá, èló ni gbogbo ọjà yín? Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí? Kí ló pa bàbá? Màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n á sún kámẹ́rà mọ́ omijé, wọ́n á fi orin arò sábẹ́ ẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ka ₦50,000 sí i lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ayé lè bá wọn kà á, màmá á kúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò tó ọmọ-ọmọ ẹ̀. Ẹ dákun, ọmọ wo ni màmá ẹni ọdún àádọ́rin ń kúnlẹ̀ fún nílẹ̀ Yorùbá? Fídíò yẹn á wá ní ìwòye mílíọ̀nù, iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì á sanwó fún un ní dọ́là, àwọn onítẹ́tẹ́ á tún gbé ìpolówó wá bá a. Owó màmá á tán kí oṣù tó parí. Fídíò ò ní tán. Àna ẹ̀ á rí i, ọmọ ọmọ ẹ̀ á bá a níléèwé, ìyà tó ti ń fi aṣọ bò láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú, gbogbo ayé ti ń tẹ like sí i. Ìwọ yọ ọ́ wò, iye tó wọlé fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, iye tó jáde lọ́wọ́ ẹ̀, kó o wá sọ fún mi ẹni tó ṣàánú ẹnì kejì ẹ̀. Lójú tèmi màmá ló ta á lọ́rẹ.

Bọ̀dá kan ti ń na ọwọ́, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ sà. Ẹ fẹ́ sọ pé ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ará ìlú láti fi ṣàánú gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó débẹ̀. Òótọ́ ni, ó gbọ́dọ̀ fi hàn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi orúkọ aláìsàn jẹun lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ fi rìsíìtì hàn. Ẹ fi ìwé owó ọsibítù hàn, ẹ fi òrùlé tẹ́ ẹ kàn hàn. Rìsíìtì ò ní ojú tó máa tì í.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kan àwọn ọnọrébù lára díẹ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní empowerment, wọ́n á ta kánópì sí pápá iléèwé, ẹ̀rọ ìlọta, maṣíìnì ìránṣọ, ọ̀kadà, ẹ̀rọ ìgẹrun, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti lẹ fọ́tò ọnọrébù mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ọnọrébù ló ta wá lọ́rẹ. Iṣẹ́ àgbègbè tí wọ́n ń kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ fún àwọn aṣòfin, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ ₦100 bílíọ̀nù lọ́dún kan, inú ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yẹn ti ń wá. Nígbà tó di 2019 ni ICPC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Owó yín ni. Wọ́n wá gba owó yín, wọ́n fi ra maṣíìnì, wọ́n gbé maṣíìnì fún yín, wọ́n sì gba ọpẹ́ àti ijó àti ìbò lé e lórí. Kò sí ohun tí mo lè yọ níbẹ̀ torí kò sí ọrẹ níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ti àwọn iléeṣẹ́ ńlá ò jìnnà sí i. Philip Morris tó ń ṣe sìgá, lọ́dún 1999, ó ná nǹkan bíi $75 mílíọ̀nù lórí iṣẹ́ àánú, ó wá ná nǹkan bíi $100 mílíọ̀nù lórí ìpolówó láti sọ fáyé pé òun ń ṣàánú. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ká má lọ jìnnà, ìwúyè àti ayẹyẹ ọjọ́ìbí tá à ń ṣe nílé wa ńkọ́, tó jẹ́ pé báńnà, kánópì, kámẹ́rà dúróònù àti oúnjẹ àwọn àlejò pàtàkì ló jẹ owó ju ìwé ẹ̀kọ́ tá a fẹ́ pín fún àwọn ọmọ. Àwọn ẹbí Sackler náà wà níbẹ̀, àwọn tí iléeṣẹ́ wọn ta OxyContin, oògùn ìrora tó di bárakú fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà, ọdún pípẹ́ ni orúkọ wọn fi wà lára ilé àwòrán ńláńlá tí wọ́n ta lọ́rẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bú, Louvre ní Paris yọ orúkọ náà lọ́dún 2019, Met ní New York yọ tiwọn lọ́dún 2021.

Mo fẹ́ yára kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ìdọ̀tí, indomie tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó bàjẹ́ tá à ń kó lọ sílé ọmọ aláìlóbìí, bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan. Bákárà ẹsẹ 267 ti sọ ọ́ tán, ẹ má ṣa èyí tó bàjẹ́ láti fi ta ọrẹ, èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ò ní gbà á àfi tẹ́ ẹ bá dijú. Dáfídì náà nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 24, Àráúnà fẹ́ fún un ní ilẹ̀ àti màlúù lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi rúbọ, ó ní rárá, òun ò ní fi ohun tí òun ò náwó lé rúbọ sí Ọlọ́run. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni inú ilé wa. Ká fi kámẹ́rà àti ọnọrébù sílẹ̀, oore tó ń ba ẹbí jẹ́ jù nílẹ̀ yìí ò ní báńnà rárá, níkọ̀kọ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe é. Bọ̀dá kan san owó iléèwé àbúrò ẹ̀, tàbí àǹtí kan gba ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tọ́, kò sẹ́ni tó ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan, Mátíù orí kẹfà pé pérépéré. Ọmọ jáde, ó ríṣẹ́. Láti ọjọ́ náà wàhálà dé. Tó bá ra mọ́tò, ṣé èmi lo kọ́kọ́ fi hàn? Tó bá fẹ́ fẹ́yàwó, èmi ni mo rán an níwèé, mi ò fẹ́ ìyàwó yẹn. Tó bá sọ èrò ẹ̀ nípàdé ẹbí, wọ́n á ní ẹnu ẹ̀ ti gùn, wọ́n ti gbàgbé ọjọ́ tó wọ bàtà tó já lẹ́sẹ̀ wá sílé wa. Àwọn àgbà ti sọ ọ́, ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí ò ṣe é ni. Bákárà yẹn kan náà ní ẹsẹ 264 ní ẹ má fi ìrègún àti ìpalára ba sàráà yín jẹ́. Láyé àtijọ́ ẹni tó yá owó lè fi ara ẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, yóò máa lọ ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ yẹn kì í dín gbèsè kù o, èlé ni, ọjọ́ tí wọ́n bá rí ojú owó san ló bọ́. Ìwọ̀fà ṣì sàn, torí ó mọ iye tó jẹ. Ọmọ tí bọ̀dá rán níwèé ò mọ èló ló máa san tí wọ́n á ní ó tó, mo mọ àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ṣì ń san án.

Mi ò sọ pé kí ọmọ má dúpẹ́ o, abara-í-móore-jẹ kì í ṣe èèyàn. Ẹni tí wọ́n ṣe lóore ló yẹ kó máa rántí ẹ̀. Ẹni tó ṣe é ló yẹ kó gbàgbé. Wàhálà dé nígbà tá a bá pààrọ̀ iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Àwọn baba wa ò sì dá ojú ọ̀rọ̀ rú. Àáró jẹ́ àáró, o bá mi roko lónìí màá bá ẹ roko lọ́la, kò sẹ́ni tó pe ara ẹ̀ ní aláàánú níbẹ̀. Ọ̀wẹ̀ jẹ́ ọ̀wẹ̀, o pe èèyàn wá bá ẹ kọ́lé, o bọ́ wọn, ó tán. Owó tá à ń ná síra wa lóde ìnáwó lónìí, àáró ni, kò sóhun tó burú nínú ẹ̀, ká má ṣáà kọ ọ́ mọ́ sàráà. Ohun tó ń rí mi lára ni àáró tó gbé agbádá ìtọrẹ àánú wọ̀.

Ó ku ọ̀nà tá à ń gbà pín nǹkan. Ní December 18, 2024, ní Islamic High School ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn, wọ́n pe àwọn ọmọdé wá síbi ètò ọdún, wọ́n ní ẹ̀bùn àti oúnjẹ máa wà, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó tún ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Maitama, Àbújá, àti ní Òkíjà ní ìpínlẹ̀ Anambra. Mi ò ní sọ pé ìkà ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣètò ẹ̀, Ọlọ́run ló mọ ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i, kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ pápá kan, ọjọ́ kan, èrò rẹpẹtẹ? Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ní orúkọ àwọn opó lọ́wọ́, baálẹ̀ mọ ojúlé wọn, èèyàn lè gbé kóńgò ìrẹsì lọ bá wọn lálẹ́. Ó kàn jẹ́ pé èrò rẹpẹtẹ dùn ún wò ju ojúlé lọ. Owó tó padà sọ́dọ̀ wa níbẹ̀ ni ìrísí èrò, àwọn tó ń to ìlà látàárọ̀ ló sì ń san án.

Ó wá kan ẹnì kan tí mo máa ń ronú nípa ẹ̀. Chuck Feeney, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ireland látìran, ó wà lára àwọn tó dá ṣọ́ọ̀bù Duty Free Shoppers sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Lọ́dún 1984 ló kó ìpín tó ní nínú iléeṣẹ́ náà fún àjọ aláàánú tó dá sílẹ̀, ayé ò mọ̀, àwọn èèyàn ṣì ń kà á mọ́ olówó nígbà tí kò ní in mọ́. 1997 ni ọ̀rọ̀ tó jáde, torí wọ́n fẹ́ ta iléeṣẹ́, àṣírí ò sì ṣeé pa mọ́ mọ́. Ó lé ní $8 bílíọ̀nù tí wọ́n fi kọ́ yunifásítì àti ọsibítù, ní Ireland, ní Vietnam, ní Amẹ́ríkà, kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sára ilé. Owó tán, wọ́n ti àjọ náà pa lọ́dún 2020, bàbá ń gbé ilé àyágbé ní San Francisco títí ó fi kú lọ́dún 2023. Ìwọ yọ tiẹ̀ wò.

Àmọ́ kì í ṣe dandan ká jọ Feeney, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Sir Mobolaji Bank-Anthony kọ́ Ayinke House fún àwọn aláboyún ní Ìkẹjà, orúkọ wà lára ẹ̀, kò sì dí ọmọ kankan lọ́wọ́ láti wáyé. Mi ò bá orúkọ jà. Nítorí náà, lórí ọ̀rọ̀ iléèwé wa, ohun tí mo rò nìyí: ẹ bi àwọn ọmọbìnrin yẹn, kì í ṣe pírínsípà nìkan, ẹ bi àwọn ọmọ. Àwọn tísà sọ fún mi pé àwọn kan kì í wá síléèwé tí nǹkan oṣù wọn bá dé torí kò síbi tí wọ́n á lọ. Gèètì ò lè yanjú ìyẹn. Tó bá jẹ́ orúkọ ló ń dùn yín, ẹ kọ orúkọ sẹ́ẹ̀tì wa sára ilé ìgbẹ́ náà, gàdàgbà bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kọ ọ́ sára gèètì, ká wo iye èèyàn tí á ṣì san owó ẹ̀.

(Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀. Alága ní mo ti da iyẹ̀pẹ̀ sí gààrí àwọn kan. Wọ́n béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà, èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ni mo fẹ́ kọ.)

Sístà kan dìde, ó ní gbogbo ohun tí mo sọ ló dáa, àmọ́ tí ọnọrébù bá gbé ìrẹsì dé ẹnu ọ̀nà òun, ṣé kí òun gbà á tàbí kí òun dá a padà? Mo ní sístà, tó bá jẹ́ ti ìdìbò ló fi gbé e wá, dìbò kóo sebẹ̀ yẹn, òfin ìdìbò mú ẹni tó fúnni, ó sì mú ẹni tó gbà, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ ti bọ́jẹ́ẹ̀tì ni, tiyín ni, ẹ gbà á, ẹ sọ pé ẹ ṣé, kó tán síbẹ̀, ẹ má kúnlẹ̀ ẹ má sì jó. Ó ní ẹni tí ebi ń pa ńkọ́, ṣé ó láyè láti máa ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹn? Mi ò lè dá ẹni tí ebi ń pa lẹ́jọ́, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àmọ́ àwa tébi ò pa ní dátà lórí fóònù. Àwọn BudgIT, ẹgbẹ́ tó ń tọpa owó ìjọba, ní ìkànnì kan tí wọ́n ń pè ní Tracka, iṣẹ́ àgbègbè tí ìjọba kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń tọpa níbẹ̀. Ẹ wo ti àgbègbè yín kẹ́ ẹ tó lọ sábẹ́ kánópì, kẹ́ ẹ mú iye maṣíìnì tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì bi ọnọrébù ní gbangba pé maṣíìnì tó kù dà.